Àyè Tó Kù Kí Omi Bọ́ílà Tó Dàrú

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo dé Port Harcourt. Ilé iṣẹ́ kan tí ogun ti bà jẹ́, ní etí odò tó lọ sí Okrika, ló gbà mí pé kí n wá bá wọn mú bọ́ílà wọn, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi di ooru, padà ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé bọ́ílà gan-an ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Nínú yàrá kan ni mo jókòó sí, níwájú ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná ṣe bí ẹni pé òun ni bọ́ílà.

Bí omi bọ́ílà bá lọ sílẹ̀, ohun kan ní láti rí i kó ṣí ẹnu páìpù. Bí omi bá pọ̀, kó pa á dé. Kókó kan wà tí a ń fọwọ́ yí láti fi sọ bí ìdáhùn yẹn yóò ṣe le tó. Bó bá rọ̀ jù, omi á ti gbẹ kó tó dáhùn. Bó bá le jù, omi á máa fò sókè fò sílẹ̀ bí ọmọ tínú ń bí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí kókó náà lọ lórí ẹ̀rọ títí ìlà tí kálàmù rẹ̀ ń fà sórí bébà yóò fi máa mì, tí kò ní dákẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni òpin. Àyè tó wà láàárín òpin yẹn àti ibi tí a fẹ́ lò ni à ń wá.

Ẹlòmíràn ló ń jókòó lórí àga mi kí ogun tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó wọlé. Ọmọ Ìgbò ni, ó ti kàwé n'Íbàdàn, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Kò kí mi.

"Na my chair you siddon so," ló wí. Ó wá yí i sí Yorùbá, kí n má baà díbọ́n pé n kò gbọ́. "Orí àga mi lo wà."

"Àga ilé iṣẹ́ ni. Ìwọ lo fi í sílẹ̀ lọ."

"Ṣé fàájì ni mo lọ ṣe ni?"

Àbúrò mi kan lọ sójú ogun yẹn, kò bọ̀. N kò ní ojú àánú kankan tí mo fẹ́ fi wò ó.

Ọ̀gá wa, àgbàlagbà ará Abẹ́òkúta, gbọ́ ohùn wa, ó sì wọlé. Ọkùnrin náà dojú kọ ọ́. "Ẹ káàárọ̀, sà. Iṣẹ́ mi ni mo wá béèrè. Èmi ni mo so wáyà ẹ̀rọ yìí. Mo mọ ibi tó yẹ kí kókó yẹn wà."

Ọ̀gá ní bó bá lè fi hàn, kó fi hàn. Bí kò bá lè fi hàn, kó máa bá ọ̀nà tó gbà wá lọ.

Ó na ọwọ́ sí kókó. Mo ní, "Ibi tí o fẹ́ yí i sí yẹn ò ní gbà. Bọ́ǹbù ti wó táǹkì omi ìjọ́sí. Èyí tó wà lẹ́bàá géètì là ń lò báyìí, omi ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé bọ́ílà. Mo ti fi bó ṣe ń pẹ́ yẹn kún ti ẹ̀rọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, sà. Ó ti jẹ àga tán, ó tún fẹ́ jẹ ìmọ̀."

"Ìmọ̀ tìrẹ ti jóná pẹ̀lú táǹkì."

Ó yí kókó. Ìlà náà mì díẹ̀, ó tún mì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ga sí i, àfìgbà tí kálàmù bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí bébà méjèèjì. Mo pa ẹ̀rọ.

"Bó bá jẹ́ bọ́ílà gidi ńkọ́?" ni ọ̀gá bi í.

Ọkùnrin náà béèrè ibi tí táǹkì tuntun wà, lọ́wọ́ ọ̀gá, kì í ṣe lọ́wọ́ mi, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó dúró sórí ilẹ̀ dúdú níbi tí táǹkì àtijọ́ wà. Ó wá ń tẹ̀ lé páìpù lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé géètì, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọn bó ṣe jìn tó. Mo ń retí kó gba ibẹ̀ jáde. Ó ṣẹ́rí padà.

Nígbà tó wọlé, ó tan ẹ̀rọ, ó dín kókó kù, ó wá ń gbé e sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ìlà náà fi ń mì láìga sí i, láìrọlẹ̀. "Òpin rẹ̀ nìyí, sà. Ẹ lo ìdajì."

Ọ̀gá wò mí. Ó ká mi lára, ṣùgbọ́n mo ní, "Ibẹ̀ náà ni èmi bá a."

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí fún un. "Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òun ni ọ̀gá rẹ."

Bí ọ̀gá ti jáde báyìí, ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá tí mo ní kú sójú ogun. Má retí orúkọ yẹn lẹ́nu mi."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ, kí o panu mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé rẹ̀, ó gbé e sí òdìkejì ẹ̀rọ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àyè tí a bá wá lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wá a: òun á wá a, èmi náà á wá a, nítorí kò sẹ́ni tó gba ẹnì kejì gbọ́ nínú wa. Wọ́n tan bọ́ílà gidi, omi rẹ̀ kò sì dàrú títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àwa méjèèjì kò kí ara wa.