Pákó Bàbá Wa Kan, Ọmọ Mẹ́rin

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní àdúgbò Djidjolé ni nǹkan yìí ti mú mi. Ẹsẹ̀ àga tó yẹ̀ ni mo gbé lọ. Káfíńtà náà ń ti pákó tíìkì gba inú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì ń bó o bí ẹni ń bó èèpo iṣu. Mo fi ọwọ́ méjì tẹ èyí tó bó sílẹ̀ bí ìwé, kò dá. Mo gbàgbé àga mi síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ igi. Mo ra àlòkù irú ẹ̀rọ náà, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Sanguéra. Ayùn ọlọ́jàá ni mò ń pè é, torí abẹ rẹ̀ dà bí ọ̀já irin tí a so lórí so nídìí, tó ń yí lórí kẹ̀kẹ́ irin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ìdí tí mo fi rà á ni pákó ìrókò tí bàbá wa fi ń wọn aṣọ fún oníbàárà títí ó fi kú. Ó fi ọ̀bẹ fín àmì mítà àti ààbọ̀ mítà sí etí rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin la jẹ́. Pákó náà nípọn ní mìlímítà àádọ́ta. Bí mo bá là á dọ́gba, yóò fún wa ní pákó mẹ́rin tó nípọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ayùn yóò jẹ ìyókù, àmì ọwọ́ bàbá yóò sì wà létí gbogbo wọn. Òun ni a fẹ́ fi ṣe ìdérí àpótí Bíbélì kálukú.

Ẹ̀rọ mi kò ní ohun tó ń sọ bí a ṣe fa abẹ le tó. Ṣùgbọ́n tẹ́nọ̀ ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, mo sì gbójú lé etí mi. Mo ti fi ìka ta abẹ káfíńtà Djidjolé bí okùn gìtá, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ àti tèmi jẹ́ ọ̀kan náà, mo gbé ohùn rẹ̀ wálé nínú orí mi. Mo ń fún ìdè òkè tó ń fa abẹ le títí tèmi náà fi dún bẹ́ẹ̀. Mo gbé pákó bàbá lé e.

Nígbà tí mo wọn pákó àkọ́kọ́, mẹ́wàá ni lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìyà lórí igi àgékù. Mo tún tábìlì ẹ̀rọ náà ṣe kó lè dúró ṣánṣán pẹ̀lú abẹ. Mo sún àwọn bẹ́árìn tó ń di abẹ mú títí àlàfo wọn fi kù bí ìwé kan. Mo pààrọ̀ abẹ. Abẹ tuntun náà ṣì ń tẹ̀ ní àárín igi bí ẹni tó mutí yó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá béèrè ìdérí tirẹ̀. Àlítò ni nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ta abẹ.

“Ayùn lo rà àbí dùùrù?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí apá òsì, níbi tí abẹ ti ń gòkè lófìfo, ó ta á.

“Abẹ kan ṣoṣo! Apá kan ń kọ tẹ́nọ̀, apá kejì ń kọ báàsì. Èwo lo gbà gbọ́ nínú wọn?”

Ìgbà náà ni mo rí àṣìṣe mi. Apá òsì ni mo ti ta ti Djidjolé. Nílé, apá ọ̀tún ni mò ń ta, láàárín bẹ́árìn, níbi tí abẹ ti kúrú, tí ohùn rẹ̀ sì ga láìjẹ́ pé ó le.

“Voilà, òun nìyẹn,” ni ó wí, “etí ẹ kọ́ ló burú, ọwọ́ ẹ ni.”

Mo fún ìdè náà ní yíyí méjì àti ààbọ̀ kí apá òsì tó dún bó ṣe yẹ. Mo fá ojú pákó bàbá tó kù títí ó fi tẹ́jú. Mìlímítà méjìdínlógójì ló kù, ó tó fún mẹ́ta péré.

Àwọn mẹ́ta yòókù ti gba tiwọn. Tèmi ni èyí tó wọ́. Mo wọn èyí tí mo là kẹ́yìn, ti ẹ̀gbọ́n mi, kí ó tó gbé e lọ: mìlímítà mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá nísàlẹ̀.