Omi Dúdú Inú Ìkòkò Irin

Èmi tí ẹ ń wò yìí ti fi bírò kọ ọ́ rí pé oníjìbìtì ni ìyá àgbà kan. Ẹ má tíì bú mi o, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán.

Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé kan ní Ìjerò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi, Dókítà, ń wá ohun kan nínú èèpo igi tí wọ́n ń pè ní táníìnì. Ẹ ti tọ́ ọ wò láì mọ orúkọ rẹ̀: òun ló ń fa ẹnu yín pọ̀ tí ẹ bá jẹ obì. Ó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ohun tó bá bá pàdé, ì báà ṣe itọ́ ẹnu, ì báà ṣe kòkòrò àrùn. Ìrètí wa ni pé bó bá lẹ̀ mọ́ kòkòrò tó ń ba erìgì jẹ́, kòkòrò náà ò ní ráyè ṣọṣẹ́ mọ́.

Màmá Tóyìn, ará Òkè-Ìmẹ̀sí, ló ń kó èèpo igi ìrà wá fún wa. Òun náà ni àwọn abiyamọ ìlú rẹ̀ ń lọ bá tí ẹnu ọmọ wọn bá funfun tí kò lè mu ọmú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó nàka sí mi.

"Ọmọ mi, ukòkò amọ̀ ni kó o fi sè é o. Má jẹ̀ẹ́ kí irin kàn án."

"Ẹ ṣé, mà." Nínú ikùn mi, mo ní, ẹ̀yin àgbà àti èèwọ̀ yín!

Nígbà tó yá, ìkòkò gíláàsì tí a fi ń se èèpo fọ́. Ara mi ò balẹ̀, mo bá sáré yá ìkòkò irin ní ilé ìdáná ilé ìwé. Nígbà tí mo ṣí i, omi tó yẹ kó pọ́n ti dúdú bíi tàdáwà. Yéè! Màmá ni mo fura sí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pa èèpo láró kó lè dà bí oògùn tó le. Dókítà ní a ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn abiyamọ ò sì yà lọ́dọ̀ Màmá mọ́.

Ó gun ọ̀kadà wá bá mi, ó gbé ìkòkò amọ̀ lé itan.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fi sè é?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ife sórí tábìlì.

"Mo ní kí lo fi sè é?"

"Ìkòkò irin ni, mà."

Kò pariwo. Ó jókòó. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò pe èmi lólè rí. Sè é lójú mi."

Mo sè é nínú ìkòkò rẹ̀. Omi náà pọ́n dáadáa. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo ju ìṣó tó dípẹtà sí i. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé omi tí irin wà nínú rẹ̀ la fi ń dá táníìnì mọ̀, pé tó bá ti dúdú, táníìnì wà níbẹ̀! Èèpo Màmá ò ní àbùkù kankan. Orí mi ni kò pé lọ́jọ́ náà.

A fi omi pupa náà sójú àwo tí a ti gbin kòkòrò ẹnu sí. Ní gbogbo ibi tó kàn, kòkòrò ò hù. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú àwo kì í ṣe ẹnu èèyàn o, iṣẹ́ ṣì pọ̀." Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n rọra ya ojú ìwé tí mo kọ yẹn sọnù.

Mo ní rárá. Gbangba ni wọ́n ti gbọ́ ẹ̀sùn náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màmá, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn obìnrin ìjọ, mo ní, "Màmá ò pa nǹkan kan láró. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, tí mo sì ba orúkọ wọn jẹ́."

Ni ìyá ọmọ kan bá dìde, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ṣé èèpo ṣì wà ní ulé?"

Màmá fi etí gèlè nu ojú. "Ó wà. Gbé ọmọ náà wá kí n wo ẹnu rẹ̀."