Páálí Abẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí à ń gbé ní Challenge, iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá. Múfú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń gbálẹ̀. Èmi ni mo máa ń fa páálí jáde lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi lẹ́yìn ìrun àsùbá, tí màá gbé e lọ bá wọn kí wọ́n lè fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá ọ́ìlì kán sí i. Ẹ̀yin tí bàbá yín ní ọkọ̀ àlòkù nígbà náà, ẹ mọ irú páálí tí mò ń wí.

Ọdún yẹn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú. Bàbá Ràfíù, mẹkáníìkì wa, tú u palẹ̀ pátápátá, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì tò ó padà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ wálé, wọ́n kìlọ̀ fún bàbá mi pé, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, Bàbá Múfú. Àwọn irin inú rẹ̀ kò tíì mọ ara wọn. Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ọgọ́ta títí ẹ ó fi rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹ má sì di ẹrù sí i."

Ó di òfin nílé wa. Bàbá mi wà lára àwọn tó máa ń ka ìwé inú páálí oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan mì. Ní Ring Road, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó di búrẹ́dì sẹ́yìn máa ń yà wá sílẹ̀, á sì tún bojú wẹ̀yìn wò wá. Múfú á rọra yọ́ sísàlẹ̀ lórí ìjókòó kí àwọn ọmọ iléèwé wa má baà rí i. Èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òórùn ọ́ìlì tuntun tó ń gbóná kún imú mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ti ìjókòó iwájú bí ẹni pé ìyẹn ni yóò mú wa yára. Màmá mi kò tilẹ̀ bá wa fa ọ̀rọ̀. Takisí ni wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà Bódìjà, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ẹ̀wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún kìlómítà ń parí lọ ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ láti Ìṣẹ́yìn pé ẹsẹ̀ ń dun òun, òun sì fẹ́ rí gbogbo wa nílé lọ́jọ́ Iléyá. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo wà títí mo fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, nítorí náà kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó ìrìn àjò yẹn. Bàbá mi ní bí páálí bá gbẹ fún àárọ̀ mẹ́ta léraléra, a ó lọ. Bí kò bá gbẹ, ilé la ó ti ṣọdún, torí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà ti parí nìyẹn.

Bàbá Ràfíù pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ẹ́ńjìnnì, ó ṣì ń kán. Wọ́n wá nu ẹ́ńjìnnì náà mọ́ fínnífínní, wọ́n ní kí màmá mi fún àwọn ní páúdà, wọ́n sì bù ú sí i lára títí ó fi funfun. Wọ́n tan án, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ́ìlì sì fa ìlà dúdú sínú páúdà náà, ó júwe ibi tó ń gbà jáde. Wọ́n dí ibẹ̀.

Àárọ̀ kìíní, páálí gbẹ. Àárọ̀ kejì, ó gbẹ. Oorun kò fẹ́ẹ́ kùn mí mọ́. Àárọ̀ kẹta, mo fa páálí jáde, mo rí ẹ̀kán mẹ́ta. Mi ò ronú rárá. Mo ká a sẹ́yìn kànga, mo ya páálí bisikíìtì tó wà ní kíṣìnnì, òun ni mo sì gbé lọ bá bàbá mi. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní, "Alihamudulilahi."

Gbogbo ará ilé ń yọ̀. Nínú ọkọ̀, mo jókòó sẹ́yìn bàbá mi, mo sì tẹjú mọ́ ibi tí iná pupa ti máa ń tàn níwájú wọn. Gbogbo ìró ni mo rò pé ikú ẹ́ńjìnnì ni. Nígbà tí a fi máa dé Mọ́níyà, ara mi kò gbà á mọ́, mo bú sẹ́kún.

"Bàbá, ó kán. Ẹ̀kán mẹ́ta ni. Mo pààrọ̀ páálí ni."

Bàbá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ṣí iwájú ọkọ̀, wọ́n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n nù ún, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Mo ti fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì sílẹ̀ de ìgbájú.

"Ọ́ìlì ṣì wà, òmíràn sì wà nínú gálọ́ọ̀nù," ni wọ́n wí. "Ká dúró yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Irọ́ ló lè pa wá sójú ọ̀nà. Bọ́ síwájú. Ìwọ ni wàá máa wo ọ̀pá yìí títí a ó fi dé Ìṣẹ́yìn."

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún la dúró. Ìka mi jó. Ìyá Àgbà gbóòórùn orí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n béèrè pé ṣé inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kó ọmọ àwọn sí ni. Ìyá Àgbà náà ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí n tó dìde níbi tí bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀ sí, kí n káwọ́ sókè.

Lóde òní, ta ló ń ní sùúrù fún ẹ́ńjìnnì? Wọ́n á gbé tòkunbọ̀ sí i láàárọ̀, ọkọ̀ á máa sáré lọ sí Èkó nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tèmi kò nílò páálí. Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ní Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láràárọ̀ ni wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́ apá, tí wọ́n á kọ iye tí wọ́n bá rí sínú ìwé, tí wọ́n á sì kà á fún mi. Mo ti sọ fún wọn pé bó bá dára fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó lọ ṣe Iléyá ní Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n sin Ìyá Àgbà sí.

Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára nínú ìwé. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ni mo tan ẹ̀rọ náà fúnra mi. Bàbá mi kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn máa ń tọ́jú gbogbo iye tó bá wọ̀n. Ti ọjọ́ kẹta kò bá ti inú ìwé mu, ó ga jù ú lọ. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo pe dókítà wọn. Ó ní a lè lọ bí wọ́n bá lo oògùn wọn, tí a sì ń dúró wọ̀n ọ́n lọ́nà.

Wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Bàbá, a ó dúró ní Mọ́níyà, ẹ ó na apá yín."

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí.

"Ó kán?" ni wọ́n bi mí.

"Ó kán, Bàbá."

Wọ́n rọra ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n sì ní kí n máa rọra wà á.