Ọ̀rọ̀ Méjì Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan la jọ kọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ń wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Accra, ó ní òun fẹ́ ṣe èdè tí ènìyàn lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní Yorùbá. Àwọn ọmọ àwa Yorùbá tí a bí sí Mamobi, àdúgbò wa níbẹ̀, ló ń rò. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, sísọ ni wọn kì í fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ ìyá rẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́, a gbé kọ̀ǹpútà lé páálí. Ọṣẹ náà la fi ń ṣe gbogbo àpẹẹrẹ wa. A ó ṣàlàyé Ọṣẹ fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan: ó funfun, ó ń hó. Lẹ́yìn náà, a ó bí oríṣi ọṣẹ mìíràn láti ara rẹ̀, ohun tí Ọṣẹ ní yóò di tirẹ̀, láìtún gbogbo rẹ̀ kọ. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ tó so ọmọ mọ́ òbí wá: "jogún". Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òyìnbó ṣe pè é.

Yàrá tí a ó ti kọ́ àwọn ọmọ ló kù. Ọ̀kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ Àlàájì tó jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò wa sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá fún wa, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ó wá wo iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ ẹ́: "Alata samina jogún Ọṣẹ." Alata samina ni àwọn ará ìlú yìí ń pe ọṣẹ dúdú wa, Alata ni wọ́n ń pe àwa náà.

Àlàájì yọ awò ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ni Ọṣẹ kú?"

"Kò kú, bàbá," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ ń jogún? Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ láti máa pín ẹrù wa lójú wa ni?"

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. "Ìwọ lo pa ìyá ọlọ́mọ o!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ìbá jiyàn. Òun ní kí wọ́n bu kókò àti kóósè, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ìlú yìí, fún Àlàájì, ó fa àga mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń tún inú èdè náà ṣe. Ó pa "jogún" rẹ́, ó fi "jọ" sípò rẹ̀. A ti ń wá ọ̀rọ̀ fún ibi tí ọmọ bá ti yàtọ̀ sí òbí, a kò rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: "Alata samina jọ Ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó dúdú." Títí di òní tí orí mi ti funfun, n kò tíì rí èdè kọ̀ǹpútà tó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá fi òórùn dídùn kún àlàyé Ọṣẹ. Kò fọwọ́ kan alata samina rárá, síbẹ̀ òun náà ń ta sánsán lójú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá wà láàyè, bàbá. Ó kọ́ nǹkan tuntun, ọmọ rẹ̀ náà ti mọ̀ ọ́n."

Àlàájì tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì. "Bí àbíkẹ́yìn mi ṣe rí gan-an nìyí," ó ní. "Ó jọ mí bí ìmumu. Ṣùgbọ́n kí n kí i ní Yorùbá, èdè Twi ti ìlú yìí ló máa fi dá mi lóhùn."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí páálí ọṣẹ.

"Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́."