Ẹ̀yìn Ni Àyè Afọnfèrè

"Kò lè ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ sí i, kí Bàbá kàn máa ṣe bí ẹni ń fọn ún."

Ohun tí Dana, olùdarí ètò, sọ fún mi nìyẹn ní sítúdíò tẹlifíṣọ̀n tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manhattan. Èmi ni mo ń to máìkì, tí mo sì ń rí i pé ohùn já gaara. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Láti ìgbà tí mo ti Ìbàdàn dé ni mo ti ń wá rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá Amos kiri, débi tí ìyàwó mi nílé wa ní Co-op City fi ń bi mí bóyá Bàbá náà ló bí mi. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ jáàsì ni, jáàsì ti àtètèkọ́ṣe gan-an. Nígbà tí orin mìíràn dé, ayé gbàgbé rẹ̀. Ètò wa yìí ló fẹ́ gbé e padà síta. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kó díbọ́n, yóò kó fèrè rẹ̀ sínú àpótí, yóò sì máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé àwọn ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́, olórin kì í ní máìkì tirẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọn ohùn. Báńjò tí ohùn rẹ̀ kéré á sún mọ́ ọn, kilarinẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ lé e, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, irú fèrè tí Bàbá ń fọn, tó lè ya ògiri, á wà lẹ́yìn pátápátá. Lójú Bàbá, ẹ̀yìn yẹn ni àyè ọlá. Máìkì kan ló ní òun fẹ́, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbé e kalẹ̀. Àmọ́ àgbà ti dé sí i. Láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, fèrè rẹ̀ dà bí ẹni tó ń mí nínú yàrá kejì.

Mo lọ bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú díẹ̀."

"Síwájú? Ṣé mo ti di báńjò ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ẹ̀yìn ni ọ̀gá mi dúró sí títí ó fi kú. Ìwọ wá fẹ́ fà mí síwájú bí ọmọ iléèwé tí kò ríran!"

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Dana kò rẹ́rìn-ín.

Mo wá gbé máìkì, mo gba àárín wọn kọjá, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Bàbá, nítòsí ògiri. "Gbogbo yín, ẹ yíjú sẹ́yìn! Báńjò, ìwọ náà sún mọ́ ọn!"

"Kámẹ́rà wá ń kọ́?" Dana pariwo.

"Kámẹ́rà ní táyà. Ẹ tì í wá."

Bàbá yíjú padà lórí ibi tó wà. Máìkì rèé, nítòsí ẹnu rẹ̀. Ó yé e.

"Mi ò kúrò láyè mi o."

"Ẹ ò yẹsẹ̀ rárá, Bàbá."

Ó gbé fèrè sẹ́nu. Ohùn àkọ́kọ́ gbọ̀n, ìkejì dúró, nígbà tó fi máa di ìkẹta, ohùn fèrè ti gba gbogbo sítúdíò kan. Dana kò tún dárúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ olórin Brooklyn ní kó wá máa darí àwọn. Mo lọ wò ó níbi eré wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láàárín èrò, ó na fèrè sí mi.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí! Gbogbo ilé ló yí padà, kí ẹsẹ̀ arúgbó má bàa yẹ̀."

Èrò pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja lórí sìmẹ́ńtì New York.