Ọjọ́ Tí Òrùlé Wa Rìn Kọjá Lọ́dọ̀ Ṣọ́jà

Lánàá, pikọ́ọ̀pù kan gba iwájú ilé wa ní Ẹdẹ kọjá, ó ń fa tírélà kékeré tó ru igi gígùn. Ìró irin tó so wọ́n pọ̀ ló mú mi dìde lórí àga. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní kí ló wà nínú ìyẹn.

Ayé ṣọ́jà ni nígbà náà, ọjà wọ́n, ìṣó gan-an di ohun tí à ń wá kiri. Títí di òní, mi ò kì í sọ̀rọ̀ ṣọ́jà sókè. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ. Ìjì ká òrùlé wa lọ, ògiri kan sì wó lé ibùsùn mi. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fà mí yọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun wà lókè orí mi. Ògiri amọ̀ mẹ́ta ló kù. Bí òjò ńlá kan bá bá wọn láìbò, ilé Màmá mi di ẹrẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Màmá ní ilé ìkó-kòkó kan tó ti pa tì ní Sekona. Ó ní ká wá gbé egungun òrùlé rẹ̀, àwọn igi tí wọ́n kàn pọ̀ tí páànù ń gbé lé. Bàbá Rábíù, káfíńtà àdúgbò wa, wò ó títí, ó mi orí.

"Bí mo bá tú u, igi á là, ìṣó á ṣẹ́. Ibo la ti fẹ́ rí òmíràn? Odidi la máa gbé e."

Wọ́n gbé e sórí pikọ́ọ̀pù Bọ̀ọ̀dá Súlè, aládùúgbò wa, ìdí rẹ̀ wà lórí tírélà kékeré tí ọkọ̀ náà ń fà, apá rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ. Wọ́n fi okùn wọn gígùn rẹ̀, wọ́n wọn gíga rẹ̀. Àlàfo àárín àgbá epo ńlá méjì tí àwọn ṣọ́jà gbé sójú ọ̀nà lẹnikẹ́ni ò rántí wọ̀n.

Nígbà tí gbogbo wa dé ibẹ̀, ṣọ́jà kan rẹ́rìn-ín. "Ilé ta lẹ jí gbé?"

"Ọ̀gá mi, òrùlé lásán ni." Bọ̀ọ̀dá Súlè ṣí fìlà rẹ̀.

"Kò ní kọjá. Mi ò sì ní gbé àgbá ìjọba kúrò nítorí òrùlé."

Pátákó tó kún fún ìṣó wà nílẹ̀ láàárín àgbá wọn. Bàbá Rábíù tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tébi ń pa.

Òjò ti ṣú níhà Ẹdẹ. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá?"

"Ta ló dí ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́?"

Màmá dìde, ó gbọn eruku orúnkún nù. "Ẹ sọ òrùlé kalẹ̀."

Àwọn èrò ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn wa bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lé orí, kí apá rẹ̀ lè gba òkè àgbá kọjá. Igun kan ṣì ń wá ẹni tí yóò gbé e. Màmá wò mí. "Wá. O ga tó."

Mo wo ṣọ́jà, mo wo igi, mi ò mọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Mo bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ yàgò fún ilé o, ilé ń bọ̀!" bàbá arúgbó kan ké níwájú. A kọjá! Ariwo ayọ̀ sọ lójú títì, ṣọ́jà pàápàá ń fọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Nígbà tí pikọ́ọ̀pù náà kọjá, a tún gbé òrùlé lé e.

Bàbá Rábíù fi òpó igi rọ́pò ògiri tó wó, ó gbé òrùlé lé e, wáyà la fi so páànù. Òjò náà dúró dè wá di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, inú ilé ni mo wà. Mo ń gbójú sókè wo igi, ṣùgbọ́n mi ò sá jáde.

Lónìí, àgbá yẹn ti kúrò, ìṣó kún ṣọ́ọ̀bù, Màmá ti lọ. A ti pààrọ̀ páànù lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ a ò fọwọ́ kan egungun yẹn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gidigidi, mo ṣì máa ń dìde jókòó. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni mo bí ọmọ mẹ́rin sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni mo sì ń sùn.