Sọ́rì Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Díẹ̀ báyìí ló kù kí sọ́rì lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kì í ṣe àìmẹ́nu o, ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá mi!

Ilé iṣẹ́ kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ní Calgary, ní Canada, ni mo wà. Ẹ má rò pé odidi bàálù là ń tò. Àwọn irin kéékèèké tó ń wọ inú ẹ̀ ni. Sípánà wa máa ń dún “kọ́” tí nọ́ọ̀tì bá ti le dé ìwọ̀n. Tó o bá tún fún un lẹ́yìn ìyẹn, o ti bà á jẹ́. Irin tó bá sì họ, kódà kí ojú ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọn kì í lò ó.

Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń fi iṣẹ́ dán mi wò ni. Ọkọ mi ò tíì ríṣẹ́, àwa àtàwọn ọmọ wà ní basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ládùúgbò Castleridge, èmi nìkan ni gbogbo ilé gbójú lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Doug, ọ̀gá wa, gbé irin kan lórí tábìlì tí èmi àti Luz, obìnrin ará Philippines kan, jọ ń lò. Ó mí kanlẹ̀. “Ó ti họ.”

Ẹnu mi yá. “Áà! Sọ́rì o, sà. Sọ́rì gan-an ni.”

Ó yíjú sí mi. “Ìwọ lo ṣe é?”

“Rárá o!”

“Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?”

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú ẹ̀ ń le sí i. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ṣàṣìṣe tó sì jẹ́wọ́, ó ti parí. Òpùrọ́ ni wọ́n ń lé, torí èèyàn ló máa wọ bàálù yẹn. Lójú Doug, mo ti jẹ́wọ́ tán, mo tún ń sẹ́. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Omi bọ́ lójú mi.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò, dìde. “Doug, jọ̀ọ́. Ní èdè wa, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ, a máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe pé àwa la tì í.”

“Kò yé mi.” Bí Doug ṣe ń yí padà báyìí, orúnkún ẹ̀ gbá etí tábìlì, gbì!

“Sọ́rì!” Èmi àti Bọ̀dá Káyọ̀dé jọ pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Doug di orúnkún mú, ó wo Bọ̀dá, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí!”

“Ohun tí mò ń sọ nìyẹn,” ni Bọ̀dá wí. “Àbúrò, nu ojú ẹ.”

Àmọ́ ẹ̀rín kúrò lójú Doug. “Ẹ̀yin méjì lẹ wà nídìí tábìlì yìí. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?”

Luz ló nawọ́ sókè. “Èmi ni. Sípánà ló bọ́ lọ́wọ́ mi lé e lórí. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Doug mirí sí i. “O ṣé tó o sọ ọ́.” Ó gbé irin náà lọ, ó gbé òmíràn fún wa.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà dòní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ Luz ò lè tán lẹ́nu mi. Ìgbà tá a jọ ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló tó sọ fún mi pé òun ń retí PR, ìwé tí wọ́n fi ń gbé Canada títí, pé orí iṣẹ́ yẹn ló sì dúró lé. Tí wọ́n bá lé e, ó di ọ̀nà ilé. Ká ní ó dákẹ́ ni, èmi ni wọn ì bá lé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì nawọ́ sókè.